Sọ̀rọ̀ sókè (igbe ìwọ́de)

"Sọ̀rọ̀ sókè" ni gbólóhùn Yorùbá tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà sọ di igbe nígbà ìwọ́de EndSARS, tí wọ́n fi ta ko SARS, ikọ̀ ọlọ́pàá kan, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Lórí Twitter, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i: "soro soke". Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá ń ké e.

Ìhun àti ìlò

Ìpajẹ fáwẹ̀lì (yíyọ fáwẹ̀lì kan kúrò) wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì: "sọ" àti "ọ̀rọ̀" di "sọ̀rọ̀", "sí" àti "òkè" di "sókè". Ohun tí à ń sọ lórí fóònù nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ń ṣe ségesège náà nìyí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni "ẹ" tí kò sí níbẹ̀. Ọmọdé tí kò gbọ́ ohun tí àgbà wí yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ sókè" (ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ gan-an lè má sọ ju "Mi ò gbọ́ yín dáadáa, sà" lọ). Ẹni tó bá yọ "ẹ" kúrò, ẹgbẹ́ tàbí àbúrò rẹ̀ ló ń bá wí. Nígbà tí igbe náà wá dojú kọ ìjọba, ó jọ pé àìsí "ẹ" yìí wà lára ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn mìíràn tún ń fi "wèrè" tì í lẹ́yìn, tí wọ́n ń kọ ní "werey". Ní ìgboro Èkó, èébú ni, àwàdà ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ sì ni pẹ̀lú.

Ìwọ́de náà

Ọdún 1992 ni wọ́n dá SARS sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn adigunjalè. Nígbà tó fi máa di 2017 tí háṣítáàgì EndSARS bẹ̀rẹ̀, ẹ̀sùn ìlọ́nilọ́wọ́gbà, ìfìyàjẹni àti ìpànìyàn ti pọ̀ lọ́rùn ikọ̀ náà. Fídíò kan láti Ughelli, Ìpínlẹ̀ Delta, ló tún iná ọ̀rọ̀ náà dá ní 2020. Wọ́n tú SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, ṣùgbọ́n ìwọ́de kò dúró. Feminist Coalition, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan, ń gba owó ìrànwọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan Bitcoin, fún oúnjẹ, ìtọ́jú àti agbẹjọ́rò. Ní ọjọ́ 20, lẹ́yìn tí ìjọba Èkó kéde kónílé-ó-gbélé, àwọn ṣọ́jà yìnbọn ní tóògéètì Lẹ́kkí. DJ Switch ń fi í hàn lójú ẹsẹ̀ lórí Instagram. Ìjọba àpapọ̀ àti ìgbìmọ̀ ìwádìí Ìpínlẹ̀ Èkó kò fẹnu kò lórí àwọn tó kú.

Lẹ́yìn náà

"Ìran sọ̀rọ̀ sókè" di orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní ọdún 2022. Àwọn tó mọ VPN (ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ ìdènà orí íntánẹ́ẹ̀tì) lò ṣì ń wọlé nígbà náà.