Ìmọ̀ràn fún àgbẹ̀: ta ló ń wá a, ta ló ń pèsè rẹ̀?

Tí a bá ní ìbéèrè àti ìpèsè ìmọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀, ohun tí à ń wò ni pé: ìmọ̀ wo ni àgbẹ̀ ń wá, ta ló sì wà nítòsí tó lè fún un?

Ní Nàìjíríà, ọwọ́ ìjọba ni ìpèsè pọ̀ sí jù. Ní 1975, owó tí wọ́n yá ní Báńkì Àgbáyé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ADP, ìyẹn ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba, ní Funtua, Gusau àti Gombe, kó tó tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Òṣìṣẹ́ ADP á gun alùpùpù lọ sí abúlé ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, á kọ́ àgbẹ̀ mélòó kan, àwọn yẹn á kọ́ àwọn tó kù. Nígbà tí owó yìí tán ní àwọn ọdún 1990, owó epo di àwátì, ẹni tó fẹ̀yìn tì kò sì rí arọ́pò. Orúkọ òṣìṣẹ́ lè wà nínú ìwé o, ṣùgbọ́n bí kò bá lè dé oko, ìpèsè wo ló kù níbẹ̀?

Ti ìbéèrè ló tún díjú jù. Àgbẹ̀ lè dákẹ́ nítorí pé kò mọ ẹni tí yóò bi. Ó sì lè jẹ́ pé irúgbìn àgbàdo tuntun ni wọ́n wá ń polongo fún un, nígbà tó jẹ́ pé ayédèrú apakoríko ló ń dà á láàmú. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ńkọ́? Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n.

Ní 2016, kòkòrò ajẹ-àgbàdo kan tó wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà yọ ní Nàìjíríà, Benin àti Togo. Ìbéèrè bú jáde lójijì, ṣùgbọ́n àjèjì ni kòkòrò náà lójú àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá. Ẹni tó ń ta kẹ́míkà lọ́jà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sá tọ̀. N ò dá wọn lẹ́bi, òun ló wà nítòsí. Àmọ́ orí ìgò tó bá tà ni èrè rẹ̀ wà. Ṣé òun ni yóò sọ fún ọ pé kí o kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣa ẹyin kòkòrò náà kí o sì fọ́ ọ?

Uganda gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní 2001, pẹ̀lú NAADS, ètò ìmọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ ti orílẹ̀-èdè náà: ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló ń yan ìmọ̀ràn tí wọ́n fẹ́, ìjọba á sì gba aládàáni tí yóò kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 2014, ìjọba ti yí ọ̀nà padà: àwọn sójà ló ti ń pín irúgbìn fún àwọn àgbẹ̀.