Bí yíyàn láàárín CRJ àti Embraer ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní gáréèjì Kútọ̀, dẹ́rẹ́bà kì í dédé kó èrò. Tọ́ọ̀nù ni. Ẹni tó kọ́kọ́ wọ gáréèjì ló ń kọ́kọ́ kó, ẹni tó dé lẹ́yìn á dúró, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ tirẹ̀ ló tuntun jù. Ọmọ Abẹ́òkúta tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ l'Amẹ́ríkà nígbà tí awakọ̀ bàálù bá fẹ́ yan irú ọkọ̀ tí yóò máa wà. Lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá gbà á síṣẹ́ ni wọ́n ti ń fún un ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn ló sì ń bá a lọ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Òun ló ń sọ irú bàálù tó lè béèrè fún, ìlú tí yóò ti máa gbéra, ìgbà tí yóò gba ìsinmi àti ìgbà tí yóò bọ́ sórí àga ọ̀gá awakọ̀.

Ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ná ọ̀nà kúkúrú, ìdílé bàálù méjì ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé: CRJ (Canadair Regional Jet) láti Kánádà àti Embraer láti Bràsíl. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń béèrè pé èwo ló dára jù. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè dáhùn ìyẹn láìkọ́kọ́ mọ bí a ṣe bí ọkọ̀ méjèèjì, nítorí ohun tí awakọ̀ ń rí nínú yàrá rẹ̀ lónìí, láti ọjọ́ ìbí ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bàálù kékeré tó ń lo ẹ́ńjìnì jẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tuntun sí wa. Àwọn àgbà tó wọ Nigeria Airways láyé ọjọ́un rántí F28. Ṣùgbọ́n l'Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí òfin 1978 tú ìjọba kúrò nínú iye owó ọkọ̀ àti ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ lè ná, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kó ọkọ̀ wọn jọ sí ìlú ńlá díẹ̀, wọ́n sì fi àwọn ìlú kéékèèké sílẹ̀ fún bàálù alábẹ̀bẹ̀ tó ń gba èrò 19 tàbí 30. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ó ń gbọ̀n, èrò ò fẹ́ràn rẹ̀. Àyè ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè kan jẹ́ẹ̀tì tí kò ní ju ìjókòó 50 lọ.

Inú ọkọ̀ olówó, ìyẹn bàálù aládàáni àwọn ọlọ́rọ̀, ni CRJ ti wá. Ní 1976, ilé-iṣẹ́ Canadair ra àwòrán ọkọ̀ kan lọ́wọ́ Bill Lear, ọ̀gbẹ́ni tó ṣe Learjet. Ọkọ̀ náà di Challenger, ó sì kọ́kọ́ fò ní 8 Oṣù Kọkànlá 1978. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé inú rẹ̀ fẹ̀, ó tó nǹkan bíi mítà méjì àbọ̀, nígbà tí àwọn ọkọ̀ olówó ìgbà náà dà bí ihò. Inú tó fẹ̀ tó báyẹn lè gba ìjókòó mẹ́rin ní ìlà kan, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Bombardier ra Canadair lọ́wọ́ ìjọba Kánádà ní 1986, wọ́n gé Challenger, wọ́n fi mítà 5.92 kún gígùn rẹ̀ níwájú apá àti lẹ́yìn apá, wọ́n tún apá ṣe kí ó lè gbé ẹrù náà, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn ìsásálà méjì kún un. Bí wọ́n ṣe bí CRJ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì fò ní 10 Oṣù Karùn-ún 1991. Lufthansa CityLine ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í kó èrò ní 1992.

Gbogbo àléébù ọkọ̀ olówó ló bá a wọ iṣẹ́ èrò. Fèrèsé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ jù, èrò gbọdọ̀ tẹ orí kó tó rí ìta, àfìgbà tí wọ́n sọ ilẹ̀ inú ọkọ̀ kalẹ̀ lára CRJ700 ni ìyẹn tó dẹ̀. Apá CRJ200, ìyẹn CRJ oníjókòó 50, kò ní etí iwájú tó ń yọ síta nígbà ìgbéra àti ìbalẹ̀, nítorí náà ó ń sáré jù lórí ilẹ̀ kó tó gbéra, ojú ọ̀nà gígùn ló sì ń fẹ́, pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú bí ti oṣù Kẹta níbí. Nígbà tó bá ń bọ̀ wá balẹ̀, imú rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, awakọ̀ ní láti gbé e sókè dáadáa kí táyà tó kan ilẹ̀.

Ọ̀nà tí Embraer gbà wá yàtọ̀. Ìjọba Bràsíl ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 19 Oṣù Kẹjọ 1969. Bàálù alábẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Brasília, èrò 30, wà lára ohun tó sọ wọ́n di olókìkí. Ní 1989 wọ́n kéde pé àwọn yóò fa Brasília gùn, àwọn yóò sì fi jẹ́ẹ̀tì rọ́pò abẹ̀bẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnì sórí apá. Ìdánwò fi hàn pé ọkọ̀ náà kò ní yá tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ní 1990 wọ́n gbé e sábẹ́ apá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní láti gùn kí ẹ́ńjìnì má baà ha ilẹ̀, ẹsẹ̀ gígùn sì wúwo. Ní ìparí 1991 ni wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn ara ọkọ̀, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Ó lé ní ọdún méjì lórí ibi tí ẹ́ńjìnì yóò wà! Lẹ́yìn tí ìjọba ta ilé-iṣẹ́ náà ní Oṣù Kejìlá 1994, ọkọ̀ náà, tí wọ́n wá ń pè ní ERJ 145, fò ní 11 Oṣù Kẹjọ 1995. Ara tóóró Brasília ṣì ni, ìjókòó ẹyọ kan lápá kan, méjì lápá kejì, nítorí náà 50 tirẹ̀ gùn ju 50 ti CRJ lọ. Kò ní etí iwájú apá tó ń yọ síta, òun náà.

Bí èrò ṣe ń yọ̀, inú àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kò dùn. Wọ́n rí i pé jẹ́ẹ̀tì 50 lónìí lè di 100 lọ́la, kí àwọn ọ̀gá sì kó iṣẹ́ wọn fún awakọ̀ tó ń gba owó kékeré. Ẹgbẹ́ wọn kò gbà. Wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn iṣẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń fò lórúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kò gbọdọ̀ kọjá iye ìjókòó kan. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 50, wọ́n du ú títí ó fi dé 70, lẹ́yìn náà 76, pẹ̀lú ìwọ̀n pọ́ùn 86,000, èyí tó tó nǹkan bíi kílógíráàmù 39,000. Kì í ṣe ẹnjiníà ló bí nọ́ńbà 76. Orí tábìlì àdéhùn ni wọ́n ti bí i. Títí dòní, ẹni tó bá wọ CRJ900 tàbí E175, àwọn ọkọ̀ ńlá tó dé lẹ́yìn, ní ọ̀nà kúkúrú l'Amẹ́ríkà, ìjókòó 76 ló máa ń rí níbẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ méjèèjì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibí ni ìyàtọ̀ gidi ti bẹ̀rẹ̀. Bombardier tún fa ara Challenger kan náà gùn: CRJ700 fò ní 27 Oṣù Karùn-ún 1999, CRJ900 ní 21 Oṣù Kejì 2001. Wọ́n fi etí iwájú sí apá wọn, ó sì tó àkókò. Embraer ní tirẹ̀ kò fa 145 mọ́. Wọ́n kan ọkọ̀ tuntun láti ìpìlẹ̀: ẹ́ńjìnì lábẹ́ apá, ìjókòó méjì-méjì, òkè inú rẹ̀ tó mítà méjì kí ẹni gíga má baà tẹ orí. E170 fò ní 19 Oṣù Kejì 2002, LOT ti Póláǹdì sì kọ́kọ́ lò ó fún èrò ní 2004. E175 jẹ́ àbúrò rẹ̀ tó gùn díẹ̀ jù ú lọ.

Nínú yàrá awakọ̀, ìyàtọ̀ náà hàn kedere. CRJ kò bá ẹ̀rọ tó ń tún agbára ẹ́ńjìnì ṣe fúnra rẹ̀ wá láti ibi tí wọ́n ti kàn án. Ọwọ́ awakọ̀ ló ń tì í síwájú, tó ń fà á sẹ́yìn, láti ìgbéra títí dé ìbalẹ̀. E175 ní i, bẹ́ẹ̀ náà ni iná mànàmáná ló ń gbé àṣẹ awakọ̀ lọ sí ìrù àti sí àwọn pátákó tó ń fọ́ afẹ́fẹ́ lórí apá. Etí ẹ̀yìn apá tó ń yí ọkọ̀ ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ló ṣì ń lo okùn irin. Ẹni tó wà ní CRJ yóò ní ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, ẹni tó wà ní E175 yóò tètè bá ilé-iṣẹ́ ńlá mu nítorí ó ti mọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ní tiwa, ohun tó yẹ kí awakọ̀ CRJ tuntun bẹ̀rù jù ni èyí: bí a bá sọ fún ọkọ̀ iye ẹsẹ̀ tí yóò máa gòkè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, yóò gòkè tì í títí, kò bìkítà bí eré bá ń dínkù. Ní 14 Oṣù Kẹwàá 2004, CRJ200 kan tí kò gbé èrò gòkè dé ẹsẹ̀ 41,000 báyẹn l'Amẹ́ríkà. Eré tán lára rẹ̀, ó já, ẹ́ńjìnì méjèèjì kú, inú wọn lẹ̀ mọ́ra nítorí òtútù, wọn ò sì yí mọ́. Awakọ̀ méjèèjì kú.

Ìwé àṣẹ náà ní ìtàn tirẹ̀. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, àmì kan ṣoṣo, CL-65, ló bo CRJ200, 700 àti 900. Awakọ̀ kan lè wà 200 láàárọ̀ kó wà 900 lọ́sàn-án. Ewu ibẹ̀ kéré lójú, ṣùgbọ́n ó wà: imú 900 ti ga díẹ̀ ṣáájú ìbalẹ̀ nítorí etí iwájú apá, bó bá gbé e sókè bí ó ṣe ń gbé 200, ọkọ̀ yóò léfòó jìnnà lórí ojú ọ̀nà kí táyà tó kanlẹ̀. Ní ti Embraer, 145 ní àmì tirẹ̀, 170 àti 175 sì ní tiwọn, ọ̀kan ò bo èkejì. Awakọ̀ 145 tó fẹ́ lọ sí 175 gbọdọ̀ jókòó kíláàsì lẹ́ẹ̀kan sí i: ẹ̀kọ́ nípa ara ọkọ̀, ìdánrawò nínú yàrá awakọ̀ àfarawé tí kò lè mì, lẹ́yìn náà símúlátọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi bàálù gidi) wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin tí awakọ̀ méjì ń pín, kí ẹ́ńjìnì máa kú lójú ìgbéra, kí wọ́n máa fi ọ̀kan balẹ̀, títí olùdánwò yóò fi gbà.

Ètò nọ́ńbà tí a fi bẹ̀rẹ̀, inú rélùwéè ni awakọ̀ ti jogún rẹ̀. Òfin iṣẹ́ rélùwéè ti 1926 l'Amẹ́ríkà ni wọ́n nà dé orí ọkọ̀ òfurufú ní 1936, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí àwọn awakọ̀ dá ẹgbẹ́ wọn, ALPA, sílẹ̀ ní 1931. Nítorí náà ni yíyàn ọkọ̀ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ju ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ. Ẹni tó bá yan ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń du yóò wà ní ìdí ìlà: yóò máa dúró de ìpè nílé, yóò fò ní ọjọ́ ọdún. Ẹni tó yan èyí tí wọn ò fẹ́ lè tètè di ọ̀gá awakọ̀. Bí wọ́n bá ti yàn tán, ilé-iṣẹ́ sábà máa ń so wọ́n mọ́ ọkọ̀ náà fún ìgbà kan kí owó ìkọ́ṣẹ́ má baà ṣòfò.

Ní Nàìjíríà, ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ ni awakọ̀ ti ń yan ọkọ̀. Arik lo CRJ900. Air Peace mú ERJ 145 wọlé ní 2018, E195-E2 sì dé ní 2021. Ibom Air bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CRJ900 ní Oṣù Kẹfà 2019, United Nigeria pẹ̀lú ERJ 145 ní Oṣù Kejì 2021, ValueJet pẹ̀lú CRJ900 ní Oṣù Kẹwàá 2022. Ibi tí awakọ̀ bá kọ ìwé ìbéèrè iṣẹ́ sí ló yan ọkọ̀ fún un. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì san owó ìwé àṣẹ rẹ̀, wọ́n lè mú un tọwọ́ bọ ìwé bọ́ǹdù. Ẹ ka iye ọdún tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Mitsubishi ra CRJ lọ́wọ́ Bombardier ní 1 Oṣù Kẹfà 2020, èyí tó kẹ́yìn sì jáde ní Oṣù Kejì 2021. Wọn ò kan òmíràn mọ́. E175 ṣì ń jáde, kì í ṣe nítorí pé Embraer kò ní tuntun: E175-E2 wà, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò jẹ epo púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo ju pọ́ùn 86,000 lọ, àdéhùn kò sì gbà á. Ní 2019 pàápàá, wọ́n mú CRJ700, wọ́n yọ ìjókòó rẹ̀ títí ó fi ku 50, wọ́n pè é ní CRJ550, kí ó lè wọ inú nọ́ńbà àtijọ́ yẹn.