Gáàsì inú fírísà: ṣé òun náà ń mú ayé gbóná?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta ẹja dídì n'Ìbàdàn ló gbọ́ lórí rédíò pé fíríìjì wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Ọ̀rọ̀ náà rú wọn lójú, ni wọ́n bá kó ìbéèrè dé ọ̀dọ̀ mi.

Mọ́tò ń rú èéfín, jẹnẹrétọ̀ ń rú èéfín. Fírísà tèmi kì í rú u. Kí ló wá ṣe?

Ọ̀nà méjì ni. Ẹ mọ àkọ́kọ́: iná tó ń jẹ. Bí NEPA bá ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kàn.

Èkejì la kì í rí. Gáàsì kan ń yípo nínú páìpù fírísà, òun ló ń kó ooru inú rẹ̀ jáde. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú páìpù, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ tí oníṣẹ́ fírísà wá tún tiyín ṣe. Ó gé páìpù, nǹkan dún "ṣììì", kò pẹ́, ó dákẹ́. Ẹ ò rí nǹkan kan. Gáàsì náà ló lọ yẹn. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní R134a, ọ̀kan lára gáàsì inú fíríìjì, ni, kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí 1,430 kílò èéfín káábọ́ọ̀nù. Bí 100 gíráàmù péré bá tú dànù láti inú fíríìjì ilé kan, bí ẹni jó nǹkan bí 60 lítà bẹntiróòlù ni. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ìró yẹn, torí ẹ̀rọ wà tí wọ́n lè fi fa gáàsì náà sínú sìlíńdà, kí wọ́n má tú u sáfẹ́fẹ́.

Ṣé kò sí gáàsì mìíràn ni?

Ó wà. Láti 1993 ni wọ́n ti ń ta fíríìjì tó ń lo irú rẹ̀ ní Jámánì. R600a ni wọ́n ń pè é, kílò kan rẹ̀ kò tó kílò márùn-ún káábọ́ọ̀nù. Ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fírísà yín, ẹ ó rí orúkọ gáàsì rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ ìyá gáàsì ìdáná ni R600a, ó ń gbiná. Ẹni tí kò kọ́ nípa rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ jó páìpù nígbà tó ṣì wà nínú rẹ̀.

Ti Tòkúnbọ̀ ńkọ́? Òfin Nàìjíríà kò gbà kí wọ́n kó o wọlé, síbẹ̀ ó kún ọjà. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀: gáàsì àtijọ́ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ á sì ti rẹ̀.

Ṣé kí n wá yọwọ́ nínú fírísà ni?

Rárá o, ẹ̀gbọ́n! Ẹja tó bá bàjẹ́ ti gba epo ọkọ̀ ojú omi, ó ti gba dísù, ó ti gba iná. Gbogbo rẹ̀ á wọ igbó. Bó bá tún ń jẹrà lórí ààtàn, gáàsì mẹ́táìnì á máa jáde lára rẹ̀, èyí tó le ju káábọ́ọ̀nù lọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní oúnjẹ tó ṣòfò ní 2022 nílé, nílé oúnjẹ àti ní ṣọ́ọ̀bù lé ní bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù.

Ẹ tọ́jú èyí tí ẹ ní. Ẹ fi owó bébà há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ pa á dé. Bí owó náà bá yọ́ jáde láìjà, rọ́bà ti bàjẹ́, òtútù ń sá lọ. Níbi tó bá ṣófo, ẹ to ìgò omi sí i. Yìnyín á gbé òtútù dúró bí iná bá lọ.

Ọ̀rá tí mo fi ń di ẹja ńkọ́?

Ọ̀rá kan tí kò jẹ́ kí ẹja gbẹ kò burú, torí káábọ́ọ̀nù tí ẹja fúnra rẹ̀ ti ná wa ju ti ọ̀rá lọ dáadáa. Ọ̀rá mẹ́ta lórí ẹja kan ni mi ò fara mọ́. Ẹ ní kí oníbàárà máa gbé abọ́ oníderí wá. Mọ́ínmọ́ín tí ẹ ń tà mọ́ ọn, ẹ padà sí ewé. Ewé á jẹrà, á sì di ilẹ̀. Ọ̀rá ló ń dí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù yín bí òjò bá dé.