Bí wọ́n ṣe ń lu òrùka sáfírè aláwọ̀ búlúù ní gbàǹjo

Nínú yàrá gbàǹjo, títa òrùka kan tó ní sáfírè, òkúta iyebíye, lórí lè má ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ iye tí yóò pa ti wáyé tipẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà, lójú maikirosíkóòpù àti lórí ìwé.

Ẹni tó ni òrùka ló kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé gbàǹjo, irú bíi Christie's tàbí Sotheby's. Àwọn amọ̀ye á wò ó, wọ́n á dá iye méjì lé e, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àfihàn ọjà. Onítọ̀hún àti ilé gbàǹjo á tún fẹnu kò ní bòókẹ́lẹ́ lórí iye kan tó jẹ́ pé tí owó kò bá dé ibẹ̀, wọn ò ní tà á. Iye bòókẹ́lẹ́ yìí kì í kọjá ti ìsàlẹ̀ tó wà nínú ìwé.

Láàbù tí wọ́n ti ń yẹ òkúta wò ló kàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Irin àti títéníọ̀mù bíńtín tó wà nínú sáfírè ló fún un ní àwọ̀ búlúù. Òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ kò jọjú lè di arẹwà tí wọ́n bá fi iná ààrò mú un, ọ̀pọ̀ jù lọ sáfírè tó wà lọ́jà ló sì ti gba ibẹ̀ kọjá. Kì í ṣe ẹ̀tàn, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún ẹni tó ń rà. Àmọ́ èyí tí iná kò kàn rí, tó jẹ́ pé bó ṣe dára ló ṣe ti inú ilẹ̀ wá, ṣọ̀wọ́n, òun sì ni àwọn olówó ń lé kiri.

Lójú maikirosíkóòpù, wọ́n ń wá àwọn fọ́nrán tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ, tí wọ́n dábùú ara wọn. Ṣẹ́dà ni àwọn oníṣẹ́ òkúta ń pè é. Tí fọ́nrán náà bá gún régé láìjá, iná líle kò tíì dé ibẹ̀. Tó bá ti já wẹ́wẹ́, tó di tótòtó bí eruku, òkúta náà ti wọ ààrò. Ohun tí ojú lásán ì bá pè ní àbùkù ló wá di ẹlẹ́rìí òkúta yẹn.

Láàbù tún ń sọ ibi tí wọ́n ti wà á: Burma, Sri Lanka, Madagascar tàbí Kashmir. SSEF àti Gübelin, láàbù méjì ní Switzerland, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wúwo jù. Ti Kashmir ló ga jù lójú àwọn olùrà. Ní nǹkan bí ọdún 1881 ni ilẹ̀ ya lórí òkè Himalaya, tó sì tú u síta. Nígbà tó fi máa di 1887, ojúlówó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Búlúù rẹ̀ máa ń rọ̀ lójú bí àrán.

Ní ọdún 2015, Jewel of Kashmir, òkúta kárátì 27.68 (kárátì ni wọ́n fi ń wọn òkúta iyebíye) tí kò wúwo tó gíráàmù mẹ́fà, pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.7 dọ́là ní Hong Kong. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, Blue Belle of Asia láti Sri Lanka, kárátì 392.52, pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 17.3 dọ́là ní Geneva. Ó fi ìlọ́po mẹ́rìnlá tóbi ju ti Kashmir lọ, síbẹ̀ kárátì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò pa tó ìdá kan nínú márùn-ún ti èkejì.

Lọ́jọ́ gbàǹjo, àwọn kan á nawọ́ nínú yàrá, àwọn mìíràn á wà lórí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń lù ú ní gbàǹjo náà lè máa pe owó lórúkọ ẹni tó ni ọjà, kó ṣáà ti má dé iye bòókẹ́lẹ́. Òfin gbà á láyè, inú ìwé àdéhùn ló wà, ó sì yẹ kí olùrà mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Iye tí òòlù ẹni tó ń lu gbàǹjo bá balẹ̀ lé kọ́ ni olùrà máa san. Ká ní ó balẹ̀ ní 100,000 dọ́là, tí ẹ̀tọ́ ilé gbàǹjo sì jẹ́ ìdá 25 nínú 100, ó di 125,000, láìka owó orí. Wọ́n á tún yọ owó iṣẹ́ lára 100,000 yẹn kó tó kan ẹni tó ni òrùka.