Bí Wọ́n Ṣe Rí Bẹ́ẹ̀sì Wọ̀n Nínú Yàrá Kékeré

Wàhálà tó wà nínú wíwọn sípíkà, ọ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀sì ló pọ̀ sí. Ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ kan ṣoṣo gùn ju mítà 11 lọ. Tó bá dún nínú yàrá lásán, yóò kọlu ògiri, yóò ta padà wá pàdé ara rẹ̀: igun kan á máa dún gbìn-ìn, ààrin yàrá lè dákẹ́. Ohun tí máìkì bá gbọ́ níbẹ̀, ti yàrá pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti sípíkà lọ.

Ní 1943, lásìkò ogun, Leo Beranek, onímọ̀ nípa ohùn, kọ́ yàrá kan sí Yunifásítì Harvard, ó fi òwú gíláàsì onímú ṣóńṣó bo ògiri, àjà àti ìsàlẹ̀, kí ohùn má ta padà. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ bí bẹ́ẹ̀sì bá ṣe ń wálẹ̀ tó ni ṣóńṣó yẹn gbọ́dọ̀ gùn tó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì ohùn. Iléeṣẹ́ sípíkà mélòó ló lówó ìyẹn? Ìyẹn ni Edgar Villchur, tó ń ṣe sípíkà ní Amẹ́ríkà, ṣe gbẹ́ ilẹ̀ ní pápá, tó ri sípíkà mọ́ ọn, tó kọjú rẹ̀ sókè. Ọgbọ́n gidi ni, bí òjò ò bá ti rọ̀.

Ní Ọsirélíà, ẹnjiníà kan, Neville Thiele, ní 1961, lẹ́yìn rẹ̀ Richard Small, fi hàn pé èèyàn lè wọn iná tó ń wọ sípíkà kó sì ṣírò bí bẹ́ẹ̀sì rẹ̀ yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni, etí ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

D. B. Keele, tó ń ṣiṣẹ́ ní Electro-Voice ní Amẹ́ríkà, ló mú èyí tó rọrùn jù wá ní 1974: ẹ gbé máìkì sún mọ́ pépà sípíkà, ìyẹn ojú rẹ̀ tó ń gbọ̀n, gan-an. Bí ẹni tó fẹnu sí ọ létí láàárín ọjà ni, ariwo yòókù ò rí ààyè. Bí ààrin pépà sí etí rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, máìkì ò gbọ́dọ̀ jìnnà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ.

Àpótí sípíkà tó ní ihò ló ṣì ń dààmú èèyàn. Bí ohùn bá dé ibi tí wọ́n ṣe ihò náà fún, pépà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró jẹ́ẹ́, ihò lá máa fẹ́ bẹ́ẹ̀sì jáde. Ẹni tó bá wọn pépà nìkan á rò pé sípíkà ti kú. Ó yẹ kó wọn ihò náà lọ́tọ̀, kó fi bí ihò ṣe tóbi sí pépà dín ohun tó wọ̀n níbẹ̀ kù, kó tó ro méjèèjì pọ̀.