Ojú Ẹni Tó Ń Wò Ló Ń Parí Àwòrán Monet

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Impression, soleil levant (ìyẹn "Ìrísí: oòrùn tó ń yọ"), àwòrán èbúté Le Havre tí Claude Monet, ayàwòrán ilẹ̀ Faransé, yà, lè rò pé iṣẹ́ náà kò tíì parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Louis Leroy, akọ̀ròyìn tó ń ṣe àríwísí iṣẹ́ ọnà, rí i nígbà tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1874. Ó fi orúkọ àwòrán náà ṣe ẹlẹ́yà nínú ìwé ìròyìn, ẹlẹ́yà ọ̀hún ló sì mú kí á máa pe Monet àti àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Impressionist dòní. Ṣùgbọ́n ohun tó dà bíi pé ó kù yẹn, ojú ni Monet fi sílẹ̀ fún.

Oòrùn rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Ó kéré, ó rí róbótó, àwọ̀ rẹ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n, ó sì ń tàn débi pé ó dà bíi pé ó ń mì. Ẹ wá fi fóònù sọ àwòrán náà di dúdú àti funfun: oòrùn ọ̀hún á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá! Monet kò jẹ́ kí ó mọ́lẹ̀ ju òfúrufú tó yí i ká lọ. Àwọ̀ nìkan ló fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Margaret Livingstone, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Harvard, ló ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Apá ọpọlọ tó ń dá àwọ̀ mọ̀ rí oòrùn yẹn kedere. Apá tó ń mọ ibi tí nǹkan wà àti bóyá ó ń rìn, bí nǹkan ṣe mọ́lẹ̀ sí nìkan ló ń lò, nítorí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Àìfohùnṣọ̀kan àwọn méjèèjì ló ń mú oòrùn náà mì.

Lórí omi, bí a bá súnmọ́ ọn, ipa búrọ́ọ̀ṣì lásán la ó rí. Kí á fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi di ìgbì, kí á sì tún padà súnmọ́ ọn.

Òjìji ló kàn, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fojú fò. Nínú La Pie, àwòrán Monet mìíràn tó wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Musée d'Orsay ní Paris, òjìji ọgbà tó ṣíji bo yìnyín kì í ṣe dúdú, búlúù ni. Ibi tí oòrùn kò dé, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ṣì ń dé ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń yí ara wọn padà lójú wa. Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà tó ń bójú tó iṣẹ́ aró ní Gobelins, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ aláwòrán ní Paris, ti tẹ̀wé lórí èyí lọ́dún 1839, lẹ́yìn tí àwọn kan ráhùn pé òwú dúdú ibẹ̀ kò dú tó. Aró náà kò lábùkù. Àwọn àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bà á jẹ́.

Láàárín 1890 sí 1891, Monet ya òkìtì ọkà léraléra ní Giverny, abúlé tó ń gbé, ó ń pààrọ̀ kánfáàsì bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí padà. Bí méjì nínú wọn bá wà níwájú ẹni, òjìji wọn ni kí á kọ́kọ́ fi wéra: gígùn rẹ̀, ìhà tó nà sí, àwọ̀ rẹ̀.