Kí ìlú tó dá ìlàjà sílẹ̀ fún ẹ̀sùn ìdẹ́yẹsí

Ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ló ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba. Ti New York ní òfin tirẹ̀, ó ní agbẹjọ́rò àti olùwádìí tó ń gbowó oṣù. Ní ìlú kékeré, aráàlú mélòó kan tí wọ́n yàn ló ń ṣèpàdé lálẹ́ láìgbowó, wọn kì í sì í sábà ní àṣẹ láti dá ẹjọ́ kankan. Bí obìnrin kan bá wá sọ pé wọ́n lé òun lẹ́nu iṣẹ́ nítorí oyún, tàbí tí ìdílé kan sọ pé onílé kò gbà wọ́n nítorí ọmọ kéékèèké, ohun tó kù fún ìgbìmọ̀ ni kó júwe ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ fún wọn. Ìwádìí níbẹ̀ lè gba oṣù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìlàjà fi máa ń wọ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn.

Olùlàjà kì í sọ ẹni tó jẹ̀bi, kò sì lè fipá mú ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìwé. Bí ẹni méjèèjì bá ti gbà láti wá, olùfisùn á rojọ́, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn á fèsì. Lẹ́yìn náà, olùlàjà lè yà wọ́n sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó máa lọ kó máa bọ̀ láàárín wọn. Nínú yàrá yẹn ni ohun tí kálukú ń fẹ́ gan-an ti máa ń jáde. Agbanisíṣẹ́ lè sọ pé òun á sanwó ṣùgbọ́n òun ò ní tọrọ àforíjì. Olùfisùn lè sọ pé lẹ́tà rere tí òun á fi wáṣẹ́ síbòmíràn jẹ òun lógún ju owó lọ. EEOC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdẹ́yẹsí níbi iṣẹ́, ti ń ṣe irú ìlàjà yìí káàkiri orílẹ̀-èdè láti ọdún 1999, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjókòó kan sábà máa ń gba wákàtí 3 sí 4.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni mo rò pé ó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ 180 ni òfin fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ níbi iṣẹ́ láti kọ̀wé sí EEOC. Ó di 300 níbi tí ìpínlẹ̀ tàbí ìlú bá ní àjọ tirẹ̀ tó ń mú irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Fún ọ̀rọ̀ ilé, ọdún 1 ni láti kọ̀wé sí HUD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilé gbígbé. Jíjókòó níwájú olùlàjà ìlú kò dá ọjọ́ yìí dúró. Ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ọ́ ní kedere pé ẹ̀hónú tí òṣìṣẹ́ gbé gba ọ̀nà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ni EEOC sì ṣe ń ka ìlàjà. Agbanisíṣẹ́ tó bá gbọ́n lè máa tọrọ ìsúnsíwájú títí ọjọ́ á fi kọjá. Fọ́ọ̀mù tí olùfisùn kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú náà kì í ṣe ẹ̀sùn lójú EEOC, àfi tí àdéhùn àjọṣe bá wà láàárín ìgbìmọ̀ náà àti EEOC. Nítorí náà, kí ẹ̀sùn kọ́kọ́ wọlé síbi tó yẹ, kí ìlàjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ta ló máa làjà? Kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá tí ìgbìmọ̀ bá lè gbọ́ ẹjọ́ kan náà lọ́jọ́ iwájú. Òfin tó ní kí ìpàdé ìjọba ṣí sílẹ̀ fún aráàlú kò sì bá ọ̀rọ̀ àsírí mu. Ohun tó bójú mu ni kí ìgbìmọ̀ gbé e fún olùlàjà tó kọ́ṣẹ́, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé pé ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ kò ní di ẹ̀rí ní kóòtù. Ìwọ̀nba ohun tí ìgbìmọ̀ nílò kò ju irú ẹ̀sùn tó jẹ́ àti bóyá ó parí.

Àwọn ẹ̀sùn kan wà tí kò yẹ kó débẹ̀. Onílé tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹni tó ní ọmọ kò yẹ kó fi àsírí parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdílé kan ṣoṣo, kí àwọn yòókù máa jìyà lọ. Ọ̀rọ̀ agbára tún wà níbẹ̀: bí iléeṣẹ́ bá mú lọ́yà wá tí olùfisùn dá wá, olùlàjà kò lè di agbẹjọ́rò rẹ̀. Ó kéré tán, kí wọ́n fún un láyè láti fi ìwé náà han lọ́yà kó tó fọwọ́ sí i, torí ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé kò ní lè gbé ẹ̀sùn yẹn lọ síwájú mọ́.

Bí wọn kò bá fẹnu kò, ẹ̀sùn tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ á máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fẹnu kò tí ẹnì kan sì yẹ àdéhùn, kóòtù ni ẹnì kejì máa gbé ìwé àdéhùn náà lọ, bíi ti àdéhùn èyíkéyìí mìíràn. Ìgbìmọ̀ kò ní àṣẹ láti fipá mú un ṣẹ.